Bí Èékánná Ọmọ Bá Pupa Rúsúrúsú
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí sọ ní Kubwa, Abuja

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ sì kú ooru yìí.

Kò sẹ́ni tí kò mọ lápálápá orí níbí. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í fura sí ni pé irú kòkòrò tó ń fà á, ìbátan olú tí à ń sè jẹ, lè wọ abẹ́ èékánná. Èékánná náà á pupa rúsúrúsú tàbí kó funfun, á nípọn, á máa rún bí ẹfun. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ló sábà máa ń mú.

Àgbàlagbà ni àrùn yìí ń bá jà jù. Èékánná ọmọdé fẹ́lẹ́, ó sì ń yára hù, kòkòrò kì í tètè ráyè jókòó síbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i lára ọmọ, ẹ wá ibi tó ti kó o. Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Àárín ìka tó ń bó, tó ń yún yín láti ọjọ́ yìí, tí ẹ ní kò ṣe nǹkan kan, ilẹ̀ balùwẹ̀ kan náà ni ẹ̀yin àtọmọ jọ ń tẹ̀. Ẹ wo orí ọmọ náà: bó bá ń họ lápálápá, abẹ́ èékánná ọwọ́ ló ń kó o sí.

Àwọn Hausa tó ń gé èékánná kiri àdúgbò, tí àlùmọ́gàjí wọn ń dún kẹ́kẹ́, n kò bá wọn jà. Àmọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn kọ́ la ó fi gé tọmọ. Ẹ ra tilé yín.

Kì í ṣe gbogbo èékánná tó bàjẹ́ ló jẹ́ tìyí o. Bọ́ọ̀lù gbígbá lè ba èékánná jẹ́. Àrùn awọ ara mìíràn náà lè bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé díẹ̀ lọ yẹ̀ wò ní láàbù kí ọmọ tó lo oògùn. Ẹ má sì kun làálì sí i kẹ́ ẹ tó wá. Àwọ̀ rẹ̀ á bo ohun tí dókítà fẹ́ wò.

Ìpara kẹ́míìsì tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dì nínú ló ń bí mi nínú jù. Ara á yéé yún, ojú awọ á dán, kòkòrò á sì máa gbilẹ̀ lábẹ́. Terbinafine, oògùn tó ń pa irú kòkòrò yìí, ni àwọn dókítà sábà máa ń lò, ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n rẹ̀: nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 fún èékánná ọwọ́, ọ̀sẹ̀ 12 fún tẹsẹ̀. Bó bá parí tí èékánná ṣì rí játijàti, ẹ má pariwo pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Ibi tó ti bàjẹ́ kò ní padà dára. Ó ní láti hù jáde, kẹ́ ẹ gé e dànù, tẹsẹ̀ sì lè gba oṣù púpọ̀. Ìdí èékánná ni kẹ́ ẹ máa wò: bí tuntun tó ń yọ níbẹ̀ bá mọ́, oògùn ti ṣiṣẹ́.

Ìyá kan béèrè nípa bàtà iléèwé. Bí agbára bá ká a, ẹ ra méjì, kí ọ̀kan máa gbẹ nígbà tó bá wọ èkejì. Ìbọ̀sẹ̀ àná kò gbọdọ̀ padà sẹ́sẹ̀ lónìí láìfọ̀.