Ojú Ẹja, Imú Béárì: Ìmọ̀ràn fún Apẹja àti Ọdẹ Ìgbà Ìrúwé ní Ontario

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Ontario ní ilẹ̀ Kánádà, ní agbègbè tí adágún Lake of the Woods àti Lac Seul wà, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wà nínú ọdún tí ènìyàn lè fi òwúrọ̀ pẹja kí ó sì fi ìrọ̀lẹ́ dọdẹ béárì dúdú. Sátidé kẹta oṣù Karùn-ún ni wọ́n máa ń ṣí ìpẹja walleye, irú ẹja omi dídùn kan, ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ọdẹ béárì ti ìgbà ìrúwé sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, ó sì ń parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni méjèèjì fi jọ ń lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání lọ ni pé ojú ni walleye fi ń wá oúnjẹ, imú ni béárì fi ń ṣọ́ ẹ̀mí ara rẹ̀, àti pé inú ọ̀rọ̀ méjì yìí ni gbogbo ìmọ̀ràn yòókù ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lórí omi. Walleye, tí ọ̀pọ̀ ará Ontario ń pè ní pickerel, ní awọ kan tí ń dán lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀, irú èyí tí ń mú kí ojú ológbò tàn yanran bí iná tọ́ọ̀ṣì bá bà á lóru. Awọ yìí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sínú ojú, nítorí náà ẹja náà ń ríran nínú omi tí ó ṣókùnkùn tàbí tí ó rú, níbi tí àwọn ẹja kéékèèké tí ó ń pa jẹ kò ti rí i. Ìdí nìyí tí àfẹ̀mọ́júmọ́, àṣálẹ́, ọjọ́ tí ìkùukùu bo oòrùn, àti etí adágún tí afẹ́fẹ́ ń da ìgbì lù fi dára ju ọ̀sán gangan lọ. Bí omi bá pa rọ́rọ́ tí oòrùn sì mú, ẹ má jẹ́ kí ẹwà rẹ̀ tàn yín. Àkókò oúnjẹ apẹja nìyẹn, kì í ṣe ti ẹja.

Kété tí yìnyín bá yọ́, tí omi sì tó ìwọ̀n 5 sí 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ni walleye máa ń yé ẹyin. Orí òkúta wẹ́wẹ́ ni ó ń yé e sí, níbi tí odò ti ń sáré tàbí tí ìgbì ti ń fọ etí adágún. Kì í kọ́ ìtẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í dúró ṣọ́ ẹyin. Nígbà tí wọ́n bá fi ṣí ìpẹja, púpọ̀ nínú wọn ti yé tán, ṣùgbọ́n àwọn akọ kì í yára kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ẹnu odò tí ń ṣàn wọ adágún, àti kọ̀rọ̀ adágún tí kò jìn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú, tí oòrùn sì tètè ń mú lọ́wọ́ọ́wọ́, ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Omi tí ó jìn ní mítà 2 sí 4 ti tó.

Ohun èlò rẹ̀ kò ṣòro. Ìwọ̀ olójé tí ó wúwo tó gíráàmù 3.5 tàbí 7, pẹ̀lú ẹja kékeré kan tí a fi ṣe ìdẹ, ni mo fara mọ́ jù. Ẹ jẹ́ kí òjé kan ìsàlẹ̀, ẹ gbé ọ̀pá sókè díẹ̀, ẹ tún jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì máa ṣe é jẹ́jẹ́, nítorí ara ẹja tutù bí omi tí ó wà nínú rẹ̀, kò sì ní agbára láti máa lé ohun tí ń sáré. Walleye kì í já ìdẹ gbà tipátipá. Ńṣe ni okùn máa ń dà bí ohun tí ó ṣàdédé wúwo. Ní àwọn agbègbè kan, ẹyọ kan ṣoṣo tí ó gùn ju sẹ̀ǹtímítà 46 lọ ni òfin gbà kí ènìyàn mú lọ sílé. Kódà níbi tí òfin kò bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ dá àwọn abo ńlá padà sómi, torí àwọn ni yóò yé ẹyin lọ́dún tí ń bọ̀, àwọn kéékèèké ni ó sì dùn jù nínú epo gbígbóná.

Omi yìí tutù débi pé, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, apá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa lè kọ iṣẹ́. Ẹ wọ ẹ̀wù tí ń múni léfòó kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, ẹ má fi í ṣe ìrọ̀rí ìjókòó.

Ó kan béárì. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ béárì kọjá èyí tí Dáfídì pa nígbà tí ó ń da àgùntàn bàbá rẹ̀. Ti Ontario yìí kì í sábà wá ènìyàn ní ìjà. Òórùn ènìyàn lásán ti tó láti lé e lọ. Ọdẹ ilẹ̀ wa tí ó bá ti dọdẹ ìgalà rí mọ ẹ̀kọ́ yìí: kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹran wá sọ́dọ̀ ọdẹ. Ẹ yan ibùba yín bẹ́ẹ̀, yálà lórí ilẹ̀ tàbí lórí àga gíga tí a so mọ́ igi, kí ẹ sì rántí pé bí ilẹ̀ bá ti ń tutù nírọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ máa ń rọra ṣàn láti orí òkè lọ sí àfonífojì. Bí afẹ́fẹ́ bá yí padà sí ọ̀dọ̀ ìdẹ, ìyẹn oúnjẹ tí ẹ fi tan béárì wá, ẹ dìde kí ẹ lọ sílé. Ìjókòó ọjọ́ kan tí a pa tì sàn ju béárì tí kò ní padà wá mọ́.

Ìjọba Ontario fòpin sí ọdẹ ìgbà ìrúwé yìí ní ọdún 1999, nítorí àríyànjiyàn lórí àwọn ọmọ béárì tí ọdẹ ń pa ìyá wọn. Wọ́n tún dán an wò ní àwọn agbègbè kan ní 2014, ó sì di ohun tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 2021, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí a pa ọmọ béárì tàbí ìyá tí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ibí yìí ni ọdẹ ti ń fi ara rẹ̀ hàn. Inú ihò ni wọ́n ti ń bí ọmọ ní oṣù Kìíní, tí ó bá sì di oṣù Karùn-ún, ìyá lè dá nìkan yọ síbi ìdẹ nígbà tí àwọn ọmọ wà lórí igi. Nítorí náà, ẹ má ṣe yìnbọn sí béárì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, bóyá ó ń wẹ̀yìn tàbí ó ń gbójú sókè sí igi. Akọ tí ó ti dàgbà ní orí fífẹ̀, etí rẹ̀ dà bí ohun tí ó kéré tí ó sì jìnnà síra, ikùn rẹ̀ sì ń sún mọ́ ilẹ̀. Èyí tí etí rẹ̀ gùn bí ti ajá, ọmọdé ni.

Bí ó bá dá yín lójú, ẹ dúró títí yóò fi fi ẹ̀gbẹ́ hàn yín, kí ẹ sì yìn ín lẹ́yìn apá iwájú, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà. Ọ̀rá àti irun béárì máa ń dí ojú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í tó èyí tí a lè tọ̀. Ẹ fetí sí ibi tí ó gbà, kí ẹ dúró fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ bó o kíákíá, nítorí ọ̀rá náà ń mú ooru dúró sínú ẹran, ẹran á sì bàjẹ́. Ẹ má ṣe yọ òróòro rẹ̀ pamọ́, ó lòdì sí òfin Ontario. Aràn kan tún wà nínú ẹran béárì tí ń ba ara ènìyàn jẹ́, èyí tí ó wà ní àríwá kì í sì í kú nínú fìríìsà. Ooru nìkan ni ó ń pa á. Ẹ ti òṣùwọ̀n ooru bọ ibi tí ẹran nípọn jù, kí ẹ dúró títí yóò fi dé 71 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí kò bá tíì dé ibẹ̀, ẹ dá ìkòkò padà sórí iná.