Pọ́kà orí íntánẹ́ẹ̀tì: bí owó iṣẹ́ yín ò ṣe ní tán

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àjàṣẹ́ ni mo wà, iná ṣì wà, ẹ jẹ́ ká yára kó tó lọ. Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18, ó dàbọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá flush ló ń lé straight ni àbí straight ló ń lé flush nínú pọ́kà, eré káàdì olówó yìí, kó lọ kọ́ ìyẹn ná, mi ò ní dúró lé e lórí lónìí.

Ohun tí ẹ ń bi mí ni pé, ṣé èèyàn lè fi pọ́kà jẹun láìsí pé owó ń ga lónìí, tó ń wọlẹ̀ lọ́la? Àwọn díẹ̀ ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ló ń pàdánù, nítorí ilé pọ́kà ń bu tirẹ̀ nínú owó tó bá wà láàárín tábìlì. Ní tábìlì kékeré, ó sábà máa ń tó 5 nínú 100.

Ẹ mú bírò. Tábìlì tí big blind rẹ̀, ìyẹn owó tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì, jẹ́ sẹ́ńtì 10, dọ́là 10 lẹ máa gbé jókòó; ìjókòó kan nìyẹn. Ká ní ẹ mọ̀ ọ́n ta débi pé nínú ọwọ́ 100 tí wọ́n bá pín, ẹ ń jèrè big blind 5 lẹ́yìn tí ilé ti mú tirẹ̀. Ìyẹn dáa gan-an o, ọ̀pọ̀ ò dé ibẹ̀ láéláé. Tábìlì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ bíi 280 ní wákàtí kan. Dọ́là 1 àti sẹ́ńtì 40 nìyẹn. Ká fi dọ́là kan sí 600 sẹ́fà kó lè rọrùn: 840. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí láti 2023 jẹ́ 52,000. Nǹkan bíi wákàtí 62 lẹ máa fi bá a.

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ dúró ná.

Wákàtí 62 yẹn, ọwọ́ bíi 17,000 ni. Bí káàdì ṣe ń wá nìkan lè fi nǹkan bíi 70,000 sẹ́fà kún un, ó sì lè yọ iye yẹn kúrò. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò náà dópin, bí oṣù kan nínú mẹ́rin, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta yìí, tí kò ṣi ọwọ́ kankan ta, máa parí oṣù ní àdánù. Ẹ di Ace méjì mú, ẹnìkejì di King méjì, gbogbo owó ti wọ àárín: nínú 100, ẹ máa jẹ bíi 82. Àwọn 18 tó kù yẹn ni wọ́n ń sọ èèyàn di ẹni tó ń bá fóònù jà.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: OWÓ OÚNJẸ KÌ Í WÀ NÍNÚ OWÓ IṢẸ́, ìyẹn owó tí ẹ yà sọ́tọ̀ láti fi ta pọ́kà. Owó ilé, owó iléèwé ọmọ, kì í sí níbẹ̀. Mo ní KÌ Í SÍ NÍBẸ̀! Ẹ ní oúnjẹ oṣù mẹ́fà nílẹ̀ lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó pè é níṣẹ́.

Ẹ wo àwọn tó ń kó kpayo, epo fàyàwọ́, láti Ìgólò ní bodè. Mo fẹ́ràn láti máa wò wọ́n. Ọ̀gá tó pẹ́ nídìí ẹ̀ ò jẹ́ kó gbogbo owó ẹ̀ sórí alùpùpù kan. Á pín in sọ́wọ́ ọlọ́kadà mẹ́jọ, mẹ́wàá. Aṣọ́bodè mú ọ̀kan, tàbí iná ràn mọ́ ọ̀kan, ọjà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó kù. Ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló máa ń fẹ́ kí ìrìn kan ṣoṣo sọ òun di olówó, ẹ sì mọ ibi tó máa ń bá a. Kí ni mo ń sọ lẹ́ẹ̀kan? Ẹ̀ẹ́n, owó iṣẹ́.

Pẹ̀lú èrè big blind 5 yẹn, bó bá jẹ́ ìjókòó 10 péré lowó yín lè gbé, nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ máa tán lọ́wọ́ wọn. Ìjókòó 40? Kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ọwọ́ kan náà, ọgbọ́n kan náà! Chris Ferguson, gbajúmọ̀ ọ̀tapọ́kà ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ láti òdo ní 2006, lórí eré ọ̀fẹ́ lásán, ó dé dọ́là 10,000 ní 2007. Òfin ẹ̀: kò gbé ju 5 nínú 100 owó rẹ̀ jókòó; bí owó tó wà níwájú rẹ̀ bá ti ju 10 nínú 100 lọ, ó dìde kúrò lórí tábìlì náà.

Wàyí o, ibi tí gbogbo yín ti ń ṣì í ṣe. Ẹ rò pé pọ́kà tí kò gbé owó sókè-sódò ni kéèyàn máa bẹ̀rù, kó máa ju káàdì nù ṣáá. RÁRÁ. Ìsọ̀kalẹ̀ ni. Ẹ fi dọ́là 400 bẹ̀rẹ̀ ní tábìlì sẹ́ńtì 10, ó ku 250. Ẹ lọ sí tábìlì sẹ́ńtì 5. Lónìí. Kì í ṣe “jẹ́ n kọ́kọ́ gba tèmi padà ná.” Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ló ń gun tábìlì sẹ́ńtì 25 láago méjì òru, ojú ẹ̀ pọ́n, ó ń di 8 méjì mú, ó ń retí 8 kẹta, ó sì ń sanwó fún ẹni tí owó kékeré ló kù níwájú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, 8 kẹta ò ní yọ lára káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ṣí sórí tábìlì ju bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 8 tàbí 9 lọ! Bí owó tó kù níwájú ẹnìkejì ò bá tó ìlọ́po 15, 20 iye tí wọ́n ní kẹ́ ẹ san, ẹ jù ú nù. Ó ku 250, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri.

Èyí tó kù ò gba àkókò. Ẹ fi ìdíje ńlá sílẹ̀, ibẹ̀ ni owó ti ń fò jù. Ẹ ní dátà lórí fóònù kejì, torí bí iná bá lọ láàárín ọwọ́, ilé á ju káàdì yín nù fún yín.

Ẹ sì máa yọ èrè jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Full Tilt, ilé pọ́kà orí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí Ferguson yẹn ti ta títí tó fi dé 10,000, tí òun náà wà lára àwọn tó ni ín, ìjọba Amẹ́ríkà gbá a mú ní oṣù kẹrin 2011. Ó di 2014 kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń ta níbẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni èmi máa ń yọ tèmi. Ẹ mú ọjọ́ tó bá wù yín.