Aago Ló Kọ́kọ́ Lu Denver Broncos ní 2022

Ẹ kú ìjókòó o. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. Ó sàn ju ti Denver Broncos, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà nínú líìgì NFL, lọ, ogójì ìṣẹ́jú-àáyá péré ni tiwọn, wọn kò sì rí i lò.

Gbogbo wa la mọ bí sáà 2022 ṣe parí: wọ́n borí nínú ìdíje 5, wọ́n fìdí rẹmi nínú 12, wọ́n sì lé Nathaniel Hackett, akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, lọ́jọ́ kejì Kérésì. N kò ní tún ìyẹn kà fún yín. Àwọn ọ̀mọ̀ràn orí tẹlifíṣọ̀n ní Russell Wilson, quarterback wọn (ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù, tó ń jù ú síwájú), ló fà á, touchdown (bọ́ọ̀lù tó dé òpin pápá alátakò) 16 péré ló jù lọ́dún yẹn, ẹ̀rí wọn tán. Èmi ní aago ni.

Ẹ wò ó. Bí eré kan (ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo, kì í ṣe odindi ìdíje) bá ti parí, aago kékeré á bẹ̀rẹ̀ láti 40, á máa sọ̀ kalẹ̀. Tí wọn kò bá tíì ta bọ́ọ̀lù sẹ́yìn fún quarterback kó tó dé òdo, wọ́n á dá wọn padà sẹ́yìn ní yáàdì 5. Láàárín àsìkò yẹn, akọ́nimọ̀ọ́gbá á kọ́kọ́ pinnu àwọn tó fẹ́ lórí pápá: àwọn méjì tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré ni àbí ẹyọ kan, àwọn tó ń sá lọ gbà á níwájú ńkọ́, mélòó? Àwọn kan á jáde, àwọn kan á wọlé. Ìgbà náà ló máa tó pe eré gan-an sínú rédíò tó wà nínú àṣíborí quarterback, orúkọ eré kan sì lè gùn bí oríkì. Tí aago bá ti ku 15, rédíò náà á kú fúnra rẹ̀. Quarterback á wá sọ ọ́ fún àwọn mẹ́wàá yòókù, wọ́n á tò, á wo bí àwọn olùgbèjà ṣe dúró, á yí ohun tó bá yẹ padà.

Tí ìpè bá pẹ́ dé, àyẹ̀wò ìkẹyìn yẹn ló kọ́kọ́ máa ń lọ. Ó tún ku èyí tó burú jù. Bí aago bá ti ku 2, ku 1, olùgbèjà kò nílò àfọ̀ṣẹ mọ́, ó mọ̀ pé bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ báyìí, á ti tẹsẹ̀ bọ̀rìn. Ìgbà 55 ni wọ́n gbé Wilson ṣubú lọ́dún yẹn kó tó ju bọ́ọ̀lù. Mi ò sọ pé aago ló fa gbogbo rẹ̀ o.

Hackett kò tíì jẹ́ olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá rí. Ní Green Bay tó ti wá, Matt LaFleur, olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀, ló ń pe eré. Ó dé Denver, ó gba olórí, ó gba pípe eré, ó gba ìṣirò aago mọ́ ọn. Wilson kò sì kópa rárá nínú àwọn ìdíje ìmúrasílẹ̀, nítorí náà Seattle, níbi tí ariwo ti ń di etí, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán ètò náà wò.

Ọjọ́ 12 oṣù kẹsán-án. Seahawks, ẹgbẹ́ Seattle, ń fi 17-16 ṣíwájú. Denver wà ní yáàdì 46 Seattle, ìgbìyànjú kẹrin tó jẹ́ ìkẹyìn, ó ku yáàdì 5 kí wọ́n tó rí mẹ́rin mìíràn gbà. Ó ku bí ìṣẹ́jú kan kí ìdíje tán, àǹfààní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti dá aago ìdíje dúró sì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ wá yáàdì 5 yẹn. Ohun tẹ́ ẹ torí ẹ bu àdéhùn dọ́là mílíọ̀nù 245 fún Wilson nìyẹn! Hackett wò ó títí ó fi ku ìṣẹ́jú-àáyá 20, ó wá rán Brandon McManus wọlé láti fẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó fún àmì 3 láti yáàdì 64. Èyí tó jìn jù lọ tó tíì wọlé nínú NFL nígbà náà ni yáàdì 66 tí Justin Tucker gbá ní 2021. Bọ́ọ̀lù yà sápá òsì. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rán mi létí bọ́ọ̀lù méjì tó bọ́ lọ́wọ́ Gordon àti Williams, àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré fún Denver, lẹ́nu ìlà, mo mọ̀, mo mọ̀.) Lọ́jọ́ kejì Hackett fúnra rẹ̀ gbà pé yáàdì 5 náà ló yẹ káwọn wá.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn olólùfẹ́ wọn nínú pápá tiwọn ló ń bá wọn ka aago sókè. Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó dé, wọ́n ti gba Jerry Rosburg, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ti fẹ̀yìn tì, kó wá máa bá Hackett ṣírò àsìkò.

Alága ti ń fọwọ́ kan ìwé. Ó dáa. Ìdíje tí Colts fi 12-9 lù wọ́n: ẹ ti wò ó, ẹ dárí jì mí.

Arábìnrin kan béèrè láti ẹ̀yìn: “Sà, Klint Kubiak, olùkọ́ àwọn quarterback, gba pípe eré lọ́wọ́ Hackett ní ọ̀sẹ̀ 11. Kí ló dé tí ojú kò fi là?”

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Raiders lù wọ́n 22-16, Panthers 23-10, Ravens 10-9. Aago kọ́ ló ṣẹ́ ẹsẹ̀ Garett Bolles, òun kọ́ ló já okùn orúnkún Javonte Williams àti Tim Patrick. Owó tí wọn ì bá fi ra àrọ́pò sì ti lọ: àǹfààní láti mú ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tuntun (draft) ní ìpele àkọ́kọ́ méjì, ìpele kejì méjì àti agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta wà lára ohun tí wọ́n kó fún Seattle nítorí Wilson. Ọ̀kan nínú wọn ni Seattle fi mú Boye Mafe. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ọmọ wa!

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Nínú ìfìdírẹmi 12 yẹn, márùn-ún ni alátakò kò ti ní ju àmì 17 lọ. Àwọn olùgbèjà tí Ejiro Evero ń darí ṣe tiwọn. Nígbà tí Hackett lọ, Rosburg darí ìdíje méjì tó kù, kò pe eré kankan fúnra rẹ̀, aago àti ìpinnu ló gbájú mọ́. Wọ́n fìdí rẹmi 27-24 ní Kansas City, wọ́n na Chargers 31-28. Chargers ti mọ ipò wọn fún ìdíje àṣekágbá kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀, torí náà ẹ yọ 31 yẹn tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ẹ fi 24 tí wọ́n gbà ní Kansas City sílẹ̀ fún mi.