Ohùn Ni Kí Ẹ Fi Ṣáájú: Ọ̀rọ̀ Lórí Èémí àti Ìfọ̀kànbalẹ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe ní Ìkòròdú nìyí, níwájú àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì àti àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀. Mo ti yọ ibi tí a ti ń kí ara wa kúrò, mo sì ti fi ìbéèrè àwọn èèyàn sí ibi tó bá ọ̀rọ̀ mu.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú ìjókòó. Àwọn kan nínú yín ti Mile 12 bọ̀, mo sì mọ ohun tí ojú èèyàn ń rí lójú ọ̀nà yẹn. Kí n tó sọ ohunkóhun, kí kálukú gbé ọwọ́ lé àyà, kó ka iye ìgbà tó ń mí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ṣe yí i padà o. Ẹ kàn máa kà á.

Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, tó jókòó jẹ́ẹ́, máa ń mí ní bí ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ lè kọjá bẹ́ẹ̀ láì mọ̀, òkè àyà nìkan ni yóò sì máa fi mí, ikùn rẹ̀ ò ní mira. Ohun tí mo bá wá lónìí ni bí a ṣe lè mú iye yẹn wálẹ̀ sí nǹkan bí 6, kí ọkàn sì tẹ̀ lé èémí wálẹ̀. Ìlànà tí mo fẹ́ lò ni èyí tí àwọn ará Íńdíà ń pè ní pranayama, apá kan nínú yógà.

Mo fẹ́ tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ni ní nǹkan yìí lórí fídíò, dídá èémí dúró ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: fà á símú, dì í mú, máa ka ení, èjì, títí dé ogún. Mi ò fara mọ́ ọn, pàápàá fún àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti kan ilẹ̀kùn wọn. Ohùn ni mo ní kí ẹ fi ṣáájú. Ẹni tó bá lè pa ẹnu dé, kó sì kùn bí oyin, ó ti ní ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá dárúkọ yógà, ẹni tó gbé ẹsẹ̀ kọ́ ọrùn ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn. Apá kan lásán nìyẹn. Nínú ìlànà Patanjali, ọlọ́gbọ́n ará Íńdíà ayé àtijọ́ tó pín yógà sí ọ̀nà mẹ́jọ, ìkáwọ́ èémí ló ṣìkẹrin. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Svatmarama ṣe àkójọ ìwé Hatha Yoga Pradipika, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí èémí bá ń ṣí kiri, ọkàn náà á máa ṣí kiri. Bí èémí bá rọlẹ̀, ọkàn á rọlẹ̀. Inú ìwé yẹn kan náà ló ti kìlọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa tu èémí lójú, bí wọ́n ṣe ń fi sùúrù tu kìnnìún, erin àti ẹkùn lójú, nítorí ẹni tó bá fi ipá mú un, ó lè gbẹ̀mí onítọ̀hún. Àwọn tó ni iṣẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ la wá ń kánjú.

Kí ló dé tí èémí fi lè mú ọkàn balẹ̀? Ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ yín níbi tí iṣan ti ń lù. Bí ẹ bá rọra fà á símú, lílù yẹn á yára díẹ̀. Bí ẹ bá ń tú u jáde, á falẹ̀. Nínú ọ̀dọ́ ló máa ń hàn jù, ṣùgbọ́n gbogbo wa la ní in. Ohun tó ń ṣe é kì í ṣe òpó ẹ̀jẹ̀, okùn iṣan kan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ ni, tó gùn, tó ti ìpìlẹ̀ ọpọlọ gba ọrùn sọ̀ kalẹ̀ wá sí ọkàn-àyà, ẹ̀dọ̀fóró àti ikùn. Vagus ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ lára ọkàn-àyà ni láti máa dá a lẹ́kun, kó má sáré jù.

Ní ọdún 1921, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Otto Loewi, fi ọkàn-àyà ọ̀pọ̀lọ́ méjì dán èyí wò. Ó ta iṣan vagus ọkàn kìíní jí, ọkàn náà sì falẹ̀. Ó wá bu omi tó wà lára ọkàn kìíní yẹn sí èkejì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, èkejì náà falẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n mọ̀ pé èròjà kan ni iṣan náà ń tú sílẹ̀ láti fi ránṣẹ́. Ní ọdún 1936, wọ́n fún òun àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì míì, Henry Dale, ní ẹ̀bùn Nobel. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń tú èémí jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni iṣan yìí ń rí àyè ṣiṣẹ́. Nítorí náà, títú jáde ni kó gùn ju fífà sínú lọ. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ lónìí, ẹ má gbàgbé èyí.

Ẹ wò ó, bí ẹnìkan bá ń gbọ̀n nítorí ẹ̀rù, ohun tí a máa ń pariwo lé e lórí ni pé, "Mí dáadáa! Fà á sínú!" Ó ti ń fà á sínú jù tẹ́lẹ̀. Ẹ ní kó tú u jáde díẹ̀díẹ̀, kó jẹ́ bí ẹni ń fẹ́ ṣíbí ọbẹ̀ gbígbóná. Ìyẹn ni yóò ràn án lọ́wọ́.

Ibí yìí ni ohùn ti wúlò. Bí mo bá ní kí ẹ tú èémí jáde fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ, ìyọnu ni kíkà náà á di. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ẹ kùn, èémí á gùn fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tó ń kùn ò lè tú gbogbo atẹ́gùn inú rẹ̀ dà nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ìyá wa mọ èyí láì lọ Íńdíà. Ọmọ tó ń sunkún tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn, ìyá á máa kùn ún lórin, ọmọ á gbé etí lé ẹ̀yìn ìyá, oorun á gbé e lọ. Àwọn ará Íńdíà ní tiwọn sọ kíkùn yìí di ẹ̀kọ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní Bhramari, èémí oyin.

Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ ní ìlú tí mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì ti ń ko ara wọn lójú bíi tiwa yìí. Ní ọdún 2001, Luciano Bernardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì gba àgbàlagbà 23 tí ara wọn dá jọ. Wọ́n ní kí wọ́n gba àdúrà rósárì, Ẹ yọ̀ Màríà, ní èdè Látìn. Wọ́n tún ní kí wọ́n ka mántírà, ìyẹn ọ̀rọ̀ àdúrà tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà máa ń pè léraléra, om mani padme hum. Méjèèjì ló mú èémí wọn wá sí nǹkan bí ìgbà 6 láàárín ìṣẹ́jú kan, méjèèjì ló sì jẹ́ kí ara wọn túbọ̀ mọ bó ṣe ń ṣàkóso ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ara ò bèèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí gbólóhùn náà ṣe gùn tó àti bí wọ́n ṣe ń tún un pè léraléra ló ṣiṣẹ́ yẹn.

Bàbá kan dìde níbẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe òrìṣà àwọn Íńdíà lẹ fẹ́ ká máa pè?" Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì fẹ́ fi ẹ̀rín gbé e kọjá. Om jẹ́ ohùn mímọ́ fún àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù. Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ò bá gbà á láàyè, kó má pè é. Kíkùn ò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, kò sì pe ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń fa tẹ̀sùbáà lẹ́yìn ìrun, tó sì ń sáré kà á kó lè tètè jáde, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín pé kí ẹ rọra. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ kàn fún un ní èémí tó tó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ẹ jókòó lórí àga, kí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kí ẹ̀yìn dúró ṣinṣin láì le. Ẹ pa ètè dé, ṣùgbọ́n kí eyín òkè má fara kan ti ìsàlẹ̀. Ẹ fi ìka ti ẹran kékeré tó wà níwájú ihò etí, kó bo ihò náà; ẹ má ki ìka bọ etí. Ẹ rọra fa èémí gba imú, kí ikùn yọ díẹ̀. Kí ẹ wá máa kùn, hmmm, ní ohùn ìsàlẹ̀ tó rọ̀ yín lọ́rùn, títí èémí á fi fẹ́ tán. Ẹ má fún un gbẹ. Ẹ jẹ́ kí èyí tó kàn wọlé fúnra rẹ̀.

Ẹ ṣe é bí ìgbà mẹ́fà, kí ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ má sáré dìde. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀ lé e yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ọ, ẹ máa wo ibi tí gbígbọ̀n yẹn ti ń kú lọ: ètè, imú, iwájú orí, àyà.

Nígbà tí a dákẹ́ nínú gbọ̀ngàn yẹn, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ò dákẹ́, ọlọ́kadà ò dákẹ́. Ìyá kan ní báwo lèèyàn ṣe fẹ́ rí irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Sábó. Ìdáhùn mi ni pé ẹ má bá ariwo jà. Svatmarama ní ọ̀nà kan nínú ìwé rẹ̀ tó dá lórí gbígbọ́ nìkan. Ó ní ẹni tó bá di etí rẹ̀, tó fọkàn sí inú, yóò kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ńlá bíi ti òkun, àrá àti ìlù. Lẹ́yìn náà á gbọ́ agogo àti ìkarahun fífọn. Ní ìkẹyìn, fèrè àti oyin. Láti orí ohùn ńlá dé orí èyí tó tín-ín-rín ló ní kí etí máa lọ. Ẹ lè fi ariwo òde ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ jẹnẹrétọ̀, ẹ má bú u, kí ẹ wá wá ohùn tó kéré jù ú lọ, àti èyí tó tún kéré jù bẹ́ẹ̀. Ọkàn tó ń wá ohùn kékeré ò ní àyè àti máa ro gbèsè.

Kíkùn tún ń ṣe nǹkan kan fún imú. Ní ọdún 2002, Weitzberg àti Lundberg ní Swídìn rí i pé bí èèyàn bá ń kùn, gáàsì tí wọ́n ń pè ní nitric oxide tó ń gba imú jáde máa ń pọ̀ tó ìlọ́po 15 ju ti ẹni tó kàn ń mí jẹ́ẹ́. Inú àwọn ihò egungun ojú ni gáàsì náà ti ń wá, gbígbọ̀n sì ń lé e jáde. Mi ò sọ pé ó ń wo àrùn kankan sàn o.

Ẹ jẹ́ kí n wá bá àwọn ọmọ wa tó ń wọ inú ọ̀sà lọ wa yanrìn sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ èémí ni, ó sì kan ẹ̀mí. Àwọn kan máa ń mí hẹlẹhẹlẹ léraléra kí wọ́n tó rì, wọ́n rò pé àwọn ń kó atẹ́gùn pa mọ́. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n ń tú dànù ni kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì. Gáàsì yìí gan-an ló sì máa ń kìlọ̀ fún ọpọlọ pé ó tó àkókò láti mí. Bó bá ti dín kù jù, ọ́síjìn lè tán nísàlẹ̀ omi kí ara tó kígbe, èèyàn á sì dákú láì rí àmì kankan. Ọ̀mọ̀wẹ̀ ni irú èyí máa ń mú lọ. Ẹ má mí hẹlẹhẹlẹ kí ẹ tó wọ omi, ẹ má sì dá nìkan rì.

Ohun kan náà ló fa òòyì tó ń kọ́ àwọn tó ń ṣe èémí kíákíá inú yógà. Bí kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì bá dín kù, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ọpọlọ á sún kì, ìka á máa jẹni wínníwínní. Àwọn míì á ní ẹ̀mí ló bà lé àwọn. Ẹ̀jẹ̀ tó dín kù lórí ni. Aláboyún, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn, àti ẹni tó ní wárápá, kí wọ́n yàgò fún èémí kíákíá àti fún dídá èémí dúró. Kíkùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ò ní wọn lára, ṣùgbọ́n bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ dáwọ́ dúró. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ jù sẹ́yìn nítorí ohun tí mo sọ. Ẹni tí ìbànújẹ́ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé ilé ayé sú u, ilé ìwòsàn ni kó lọ, kí a sì tẹ̀ lé e lọ.

Ọ̀dọ́kùnrin kan bèèrè ohun tóun lè ṣe nínú ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakòdò, nítorí àyà rẹ̀ máa ń já bí ìgbì bá gbé ọkọ̀ sókè. Kò ní lè máa kùn láàárín èrò. Mo ní kó fa èémí símú, kó tún fà díẹ̀ lé e, kó wá tú u jáde gùn-ún láti ẹnu. Ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ìwádìí tó jáde lọ́dún 2023 fi hàn pé àwọn tó ṣe èyí fún ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́ fún oṣù kan, inú wọn dùn sí i ju ti àwọn tó kàn jókòó ṣe àṣàrò lọ. Nílé wa, bí ọmọdé bá mí kanlẹ̀ báyìí, wọ́n á ní ìbànújẹ́ ló ń pè. Mo rò pé ó yẹ ká fi àwọn ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n máa mí kanlẹ̀.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni ti ẹni tí ọ̀fìnkìn máa ń dí nímú. Bí imú bá dí, ẹ má fi dandan kùn. Àwọn oníyógà máa ń da omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ gba ihò imú kan kó gba èkejì jáde, ó sì máa ń là á. Ṣùgbọ́n ẹ má fi omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ lásán ṣe é, nítorí kòkòrò kan wà tí ojú ò lè rí, tó ń gba imú wọ ọpọlọ, ó sì máa ń pani. Ẹ jẹ́ kí omi náà hó fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, ẹ bò ó, kó tutù dé ìwọ̀n tí ara gbà, kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i.