Ọ̀rọ̀ méjì tí Bunyan ń wá: ‘fún ọ’

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ wa sọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá nìyí. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo yọ àwàdà díẹ̀ kúrò, ìyókù wà bí mo ṣe sọ ọ́.

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́.

Ìwé tí mo mú dání yìí, ìyá ìyá mi ló ni ín. Èèpo rẹ̀ ti re tipẹ́, bébà kàlẹ́ńdà ni wọ́n fi dì í; ẹ̀yin tí ẹ wà níwájú á máa rí oṣù Kẹjọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́ ni, ìtàn èrò kan tó gbé ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ sẹ́yìn, tó ń rìn lọ sí ìlú ọ̀run. David Hinderer, ará Jámánì tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS rán wá, ló tú u sí Yorùbá. Kúdẹ̀tì ní Ìbàdàn níbí ni òun àti Anna ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etí òkun dí, owó kò wọlé mọ́, wọ́n sì ń ta ẹrù ilé kí wọ́n tó rí oúnjẹ jẹ. Ẹ óò gbà pé ẹni tó tú ìwé ìrìn-àjò yìí mọ bí ọ̀nà ṣe ń le.

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ ni John Bunyan. Ní 1628 ni wọ́n bí i ní Elstow, lẹ́bàá Bedford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kiri abúlé, kó máa bá wọn tún ìkòkò àti páànù tó ń jò ṣe. Nígbà tó gbéyàwó, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé àwọn kò ní tó àwo kan tàbí ṣíbí kan láàárín àwọn méjèèjì. Ohun tí ìyàwó mú bọ̀ láti ilé bàbá rẹ̀ kò ju ìwé méjì lọ: ọ̀kan ń ṣàlàyé ọ̀nà ọ̀run fún mẹ̀kúnnù, èkejì ń kọ́ni bí a ṣe ń sin Ọlọ́run lójoojúmọ́. Irú ìwé tí gbogbo ayé ń rà nígbà náà ni, irú èyí tí a ń tà lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn báyìí. Ìdí nìyẹn tí èmi kì í fi ìwé kékeré ṣẹ̀sín. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ méjì ló kọ́kọ́ ta Bunyan jí.

Kò sùn padà lóòótọ́, àmọ́ kò rí ìsinmi. Ọdún púpọ̀ ló fi ń bá ara rẹ̀ jà, tó ń rò pé ẹ̀ṣẹ̀ òun ti kọjá ìdáríjì. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ inú Kọ́ríńtì Kejì sọ sí i lọ́kàn: ‘Oore-ọ̀fẹ́ mi tó.’ Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ìgbà tó yá ló ṣàkíyèsí pé ẹsẹ náà kò pé. ‘Fún ọ’ kò sí níbẹ̀. Ó gbà pé oore-ọ̀fẹ́ tó, bóyá ó tó gbogbo ayé. Ṣé ó tó òun, aláàtúnṣe ìkòkò? Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló fi wà bẹ́ẹ̀, ìrètí wọlé, ẹ̀rù lé e jáde. Ó di ọjọ́ kan láàárín àwọn ará níbi ìpàdé, kí ẹsẹ náà tó já lù ú ní odindi, ẹ̀ẹ̀mẹta léra wọn: Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ díẹ̀. Àwa Yorùbá kò ní àwáwí lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí orúkọ tí a sọ ọ́ ti túmọ̀ ara rẹ̀. Oore ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Síbẹ̀ ẹ bi ará kan lẹ́yìn ìsìn pé ‘Báwo ni?’, á ní ‘Oore-ọ̀fẹ́ ni o’, kó tó délé á ti máa ṣírò iye ọjọ́ tí òun kò gbààwẹ̀, á ní ìyẹn ni ọjà kò ṣe tà.

Inú túbú ni Bunyan ti kọ ìtàn ọkàn rẹ̀ yìí. 1666 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n mú un ní 1660 torí pé ó ń wàásù láìgba àṣẹ, ó sì lo bí ọdún 12 níbẹ̀. Ká ní ó ṣèlérí pé òun kò ní wàásù mọ́, wọn ì bá dá a sílẹ̀. Ó ní ọmọ kan tó fọ́jú. Ó kọ ọ́ pé bí òun ṣe fi aya àti ọmọ sílẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń ya ẹran kúrò lára egungun òun. Okùn gígùn tí wọ́n ń fi irin dè lẹ́nu ló ń ṣe tà nínú túbú kí wọ́n lè jẹun nílé.

Nígbà tí Ìlọsíwájú jáde ní 1678, ibi tó fi oore-ọ̀fẹ́ sí nínú ìtàn ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ẹrù tó wà lẹ́yìn èrò náà já níwájú àgbélébùú, ó yí gbirigbiri wọ inú ibojì, a kò rí i mọ́. Ojú ewé mélòó la ti kà nígbà yẹn? Díẹ̀ ni! Òkè Ìṣòro ṣì ń bẹ níwájú, níbi tó ti sùn lọ lábẹ́ ibòji tí ìwé ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, tó fi ní láti padà wá a. Ọjà Asán ṣì ń bẹ níwájú; lẹ́yìn ìyẹn, òmìrán tó tì í mọ́lé tó sì ń nà án náà ṣì ń bẹ níwájú. Oore-ọ̀fẹ́ ló bá a dé gbogbo ibẹ̀. Púpọ̀ nínú ìwé tí à ń rà lónìí, ìparí ni wọ́n gbé oore-ọ̀fẹ́ sí: ṣe báyìí, gba àdúrà báyìí fún ọjọ́ méje, ẹrù á já. Mo ti ka púpọ̀ nínú wọn, mo sì rí èyí tó ràn mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kó wà. (Ẹni tó bá fẹ́ràn Fágúnwà, kó fi Ìmọ̀dòye àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ inú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ èrò yìí, kó wo bí wọ́n ṣe jọra tó.)

Ẹnì kan ti ń mi orí, ó ń rò pé bí ẹrù bá tètè já báyìí, a ti gba ìwé àṣẹ láti máa ṣe bó ṣe wù wá. Bunyan náà ronú kàn án. Ní 1680, ó kọ ìwé mìíràn lórí ọkùnrin oníṣòwò kan tí ìwà rẹ̀ burú. Òṣùwọ̀n méjì ni ọkùnrin náà ní: ńlá ló fi ń rà, kékeré ló fi ń tà. Ó máa ń yáwó jọ, á ní òun ti jẹ gbèsè wó, á fi owó olówó gbádùn. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ lọ sí ọjà wa láàárọ̀ ọ̀la, ẹ gbé kọ́ńgò alágbàdo kan, ẹ fi ìka kan ìdí rẹ̀ láti inú. Ẹ óò bá ibi tí wọ́n ti fi òòlù lù ú wọlé, kí ó lè máa kún kíákíá. Orí kọ́ńgò á ga gègèrè, ìdí rẹ̀ á máa jalè. Ibi tí Bunyan mú ìgbé ayé ojoojúmọ́ dé nìyẹn, ìdí kọ́ńgò.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìwé yẹn ni ikú ọkùnrin náà. Mo ti ń retí àrá. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ló kú, bí ọ̀dọ́-àgùntàn, ẹ̀rù kankan kò bà á.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè, ìyá kan tó ń ta gààrí ló béèrè èyí tó kẹ́yìn. Wọ́n ní, ‘Tíṣà, èmi kò lu kọ́ńgò mi o, ṣùgbọ́n àyà mi máa ń já ní gbogbo ìgbà. Tí mo bá gbàdúrà tán, ẹ̀rù á tún dé. Ṣé ti irú wa wà nínú ìwé yín?’

Mo ní, ‘Ó wà, mà.’ Ní apá kejì Ìlọsíwájú, tó jáde ní 1684, ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Oníbẹ̀rù. Ó lé ní oṣù kan tó fi wà lẹ́nu ẹrọ̀fọ̀ tó wà níbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, tó ń ké, àwọn ẹlòmíì ń kọjá lọ. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà tóóró, ó pẹ́ kó tó lè kan ilẹ̀kùn. Òkè kò bà á lẹ́rù, kìnnìún kò bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni bóyá wọ́n á gbà á wọlé. Ó dé odò ikú, ó tún ń sunkún, ó ní òun á rì síbẹ̀. Ẹni tó sìn ín dé ibẹ̀ sọ pé òun kò rí i kí odò náà fà tó bẹ́ẹ̀ rí. Oníbẹ̀rù fi ẹsẹ̀ rìn ín kọjá, omi kò fi bẹ́ẹ̀ ju bàtà rẹ̀ lọ.