Kàpásítọ̀ tó bá tíráńsífọ́mà Tesla coil yín mu: 50 hertz la ní l'Ékòó o

Ohun tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ sọ ní Yaba ní Sátidé rèé, mo ní kí n tẹ̀ ẹ́ síbí torí àwọn tí ò ráyè wá.

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ kàpásítọ̀, ìyẹn ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ fúngbà díẹ̀, ni mo bá wá. Bí Tesla coil, ẹ̀rọ tó ń sọ iná di fólítì gíga gan-an, ṣe máa ń kọ mànà, gbogbo wa ti rí i nínú fídíò. Láti 1891 tí Nikola Tesla ti ṣe é ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ inú ẹ̀ ò yí padà: tíráńsífọ́mà á rọ iná sínú kàpásítọ̀, ó kún, iná á fò kọjá spark gap (àlàfo kékeré láàárín irin méjì), kọ́ìlì á gbà á. Àárín tíráńsífọ́mà àti kàpásítọ̀ yẹn ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́, torí àwọn tó fẹ́ ṣe é á lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á rí nọ́ńbà tí ará Amẹ́ríkà kan kọ, wọ́n á rà á bẹ́ẹ̀. Iná tiwọn 60 hertz ni, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa 50.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tíráńsífọ́mà neon onírin, ìyẹn ti iná pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù, ló dáa jù, torí ó ní ìjánu tó ń dá iná ẹ̀ dúró. (Òun náà lè pààyàn o! Ti máíkúrówéfù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi sílẹ̀ jàre.) Ká ní 15,000 fólítì àti 30 milliamp ni wọ́n kọ sára ẹ̀. Ẹ pín fólítì yẹn sí 0.03 amp, 500,000 ohm, ìyẹn ìwọ̀n ìdènà, ló máa jáde. Kàpásítọ̀ tí ìdènà tiẹ̀ jẹ́ iye yẹn ní 60 hertz, nǹkan bí 5.3 nanofarad (ìwọ̀n bí iná tí kàpásítọ̀ lè gbà ṣe pọ̀ tó) ni. Ó bára mu lóòótọ́, àmọ́ bíbáramu yẹn gan-an lewu ẹ̀, torí bí ìgbà téèyàn ń ti ọmọ lórí jangilófà ni, téèyàn bá ń tì í lásìkò gẹ́lẹ́ á máa ga sí i ni, fólítì náà á máa ga bẹ́ẹ̀ tí iná ò bá tètè fò ní spark gap, á kọjá ohun tí tíráńsífọ́mà lè gbà, wáyà inú ẹ̀ á jó, kàpásítọ̀ á bá a lọ. Ìdí nìyẹn táwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń lo ìlọ́po kan àbọ̀, nǹkan bí 8 nanofarad.

Èyí tó kan Èkó wá rèé. Tíráńsífọ́mà tòkunbọ̀ tẹ́ ẹ bá rà l'Aláàbà, tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ló ti wá, 120 fólítì, 60 hertz ni. Ẹ ò lè kì í bọ 240, ìyẹn ẹ ti mọ̀. Ṣùgbọ́n kódà 120 gan-an ti pọ̀ jù fún irin inú ẹ̀ ní 50 hertz, á máa kùn, á máa gbóná. 100 ni kẹ́ ẹ fún un. 12,500 fólítì ló máa gbé jáde, 30 milliamp yẹn ò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ tún un pín, nǹkan bí 417,000 ohm, kàpásítọ̀ tó bá ìyẹn mu ní 50 hertz sì jẹ́ 7.6 nanofarad. Ṣé ẹ ti rí i? 8 tí wọ́n fi ń sá fún ewu lọ́hùn-ún, inú ewu gan-an ló bọ́ sí níbí! Ó máa ń dùn mí táwọn ọmọ tó lọ́pọlọ bá fi owó ara wọn ra nǹkan, tó jó, tí wọ́n wá ń rò pé àwọn ò mọ iṣẹ́.

Ìlọ́po kan àbọ̀ 7.6 yẹn, nǹkan bí 11.5 nanofarad, ni tiwa. Kàpásítọ̀ polypropylene oní 0.15 microfarad (150 nanofarad), 2,000 fólítì, ẹ to 13 tẹ̀ léra wọn, ẹ pín 150 sí 13, 11.5 nìyẹn, ó sì lè gba 26,000 fólítì. Ẹ fi resistor (ohun ìdènà iná) 10 megohm sára ìkọ̀ọ̀kan kó lè máa fa iná tó bá ṣẹ́ kù jáde. Ẹ má fi kàpásítọ̀ fáànù dán an wò rárá.

Ọmọkùnrin kan wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ńkọ́, ṣé NEPA máa ń dúró ni?" Ìbéèrè tó dáa gan-an. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró sójú kan, tẹ́rù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn hertz ẹ̀ á wálẹ̀, tó bá já sí 45, ibi tó ti bára mu á ti sún dé nǹkan bí 9.4. 11.5 ṣì wà lókè ẹ̀, ṣùgbọ́n àlàfo ti dínkù, ẹ má wá lọ so fíríìjì mọ́ ọn.

Safety gap, àlàfo ààbò tí fólítì tó bá ga jù á gbà fò kọjá kó má bàa ba tíráńsífọ́mà jẹ́, náà ò ṣeé fojú fò o. Tíráńsífọ́mà nìkan lẹ máa kọ́kọ́ so mọ́ ọn, ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa yọ wáyà lára iná pátápátá kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án nígbàkúgbà, títí dé ibi tí iná ò ti lè fò kọjá fúnra ẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dè é sí kẹ́ ẹ tó so kàpásítọ̀.