STAAR: Sùkúù Ni Wọ́n Ń Wọ̀n, Kì Í Ṣe Ọmọ Yín

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí ọmọ Yorùbá sọ ní Houston nìyí, ní òpin oṣù August. Mo tún un tò díẹ̀ fún àwọn tí ò ráyè wá.)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òbí. Ká tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá mi gbé WAEC kúrò lọ́kàn ná. Mo mọ̀ pé ó le, torí WAEC ló tọ́ gbogbo wa dàgbà, ẹni tó bá gba F9 nínú mátíìsì á wá owó fọ́ọ̀mù GCE kiri ni, ìwọ àti ìdánwò yẹn lẹ jọ ń bára yín jà, kò kan ọ̀gá sùkúù ẹ. STAAR ò rí bẹ́ẹ̀. Ìdánwò STAAR tí ìjọba Texas ń ṣe fáwọn ọmọ sùkúù láti gírédì 3 yìí, sùkúù ló kọ́kọ́ ń wọ̀n, ọmọ yín ni wọ́n kàn fi ń ṣe òṣùwọ̀n.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Láti 1980 ni Texas ti ń ṣe irú ẹ̀, wọ́n pè é ní TABS, wọ́n pè é ní TEAMS, ó di TAAS, ó di TAKS, ọdún 2012 ló wá di STAAR. Nígbà tó di January 2002, George W. Bush tó ti ṣe gómìnà wa níbí buwọ́ lu òfin pé gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ máa dán àwọn ọmọ wò nínú ìwé kíkà àti ìṣirò lọ́dọọdún, láti gírédì 3 dé 8, kí wọ́n sì tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní high school. Obama fi òfin míì rọ́pò ẹ̀ ní 2015, àmọ́ kò fọwọ́ kan ìdánwò yẹn. Òfin ní ó kéré tán, ọmọ 95 nínú 100 gbọ́dọ̀ ṣe é. Ẹ mọ ìdí? Kí sùkúù má baà ní káwọn tí ìwé ò yé jókòó sílé lọ́jọ́ náà. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ ya èsì àwọn ọmọ dúdú sọ́tọ̀, àti tàwọn tálákà, àti tàwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ òyìnbó. Tẹ́lẹ̀, ṣe ni wọ́n máa ń da gbogbo ẹ̀ pọ̀, tiwa á sì sọnù sínú ẹ̀. Ibi tí mo ti fẹ́ràn òfin yẹn nìyẹn, mi ò sì ní fi bò.

Ti 2023, mi ò ní tún un sọ, ìlú yìí ni gbogbo wa wà. Ìjọba Texas gba Houston ISD, ìyẹn àjọ tó ń darí àwọn sùkúù ìjọba níbí, wọ́n yọ ìgbìmọ̀ táráàlú dìbò yàn, wọ́n gbé Mike Miles wá ṣe ọ̀gá àgbà, lára ohun tó sì fà á ni máàkì burúkú tí Wheatley High School ń gbà lọ́dún dé ọdún. Ìdánwò tó lágbára láti lé ìgbìmọ̀ kúrò lórí àga, òun lẹ wá ń tìtorí ẹ̀ na ọmọ ọdún mẹ́jọ!

Àwọn bùrọ̀dá kan wà lórí WhatsApp tí wọ́n ń ní kẹ́ ẹ má jẹ́ kọ́mọ lọ lọ́jọ́ ìdánwò. Òfin Texas ò fún òbí láyè láti mú ọmọ kúrò torí kó má baà ṣe ìdánwò. Ẹ̀yin bùrọ̀dá wa, New York lẹ̀ ń gbé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Texas sílẹ̀ fún wa.

Ó yá, ìwé èsì. Àtẹ̀gùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: Did Not Meet, Approaches, Meets, Masters. Approaches ti yege o, ó kàn lè nílò ìrànlọ́wọ́ ni. Tó bá jẹ́ Did Not Meet, sùkúù jẹ ọmọ yín ní gbèsè, wákàtí 15 tàbí 30 ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọ́ ọ lọ́tọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, wọn ò sì gbọ́dọ̀ kó ju ọmọ mẹ́rin lọ sọ́dọ̀ tíṣà kan àfi tí òbí bá gbà. Ọmọ tèmi náà gba Did Not Meet nínú mátíìsì ní gírédì 4. Fọ́ọ̀mù kan ti sùkúù wá, mo ti mú báírò, mo fẹ́ sáìnì, ni mo bá ní kí n tún ìlà tó kẹ́yìn kà. Ṣe ni mo fẹ́ fọwọ́ ara mi gbà pé kí wọ́n kó o mọ́ èrò! Èmi tí mo ti ń ṣe tíṣà láti ọdún 14.

Ibi tí mo bọ́rọ̀ dé nìyẹn tí màmá kan fi nawọ́ sókè. Wọ́n ní, “Tíṣà, ẹ má bínú. Nígbà tá a lọ fi àbíkẹ́yìn wa sí kíndágátìn, wọ́n bi wá pé èdè wo là ń sọ nílé. Yorùbá là ń sọ, àmọ́ dádì ẹ̀ ní ká kọ English, kí wọ́n má baà ní ọmọ wa ò gbọ́ òyìnbó. Ṣó kan ìdánwò yìí?”

Mo ní àwọn mélòó ló kọ English? Ọwọ́ tó lọ sókè, mi ò kà á tán. Ni mo bá pa ìwé tí mo kọ sílẹ̀ dé.

Ó kàn án gan-an. Tẹ́ ẹ bá kọ Yorùbá, wọ́n á dán òyìnbó ọmọ wò. Tó bá gbọ́ ọ dáadáa, ó parí síbẹ̀. Tí ò bá tíì gbọ́ ọ tó, wọ́n gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó fi í sí kíláàsì ìrànlọ́wọ́, á máa ṣe TELPAS, ìdánwò òyìnbó, lọ́dọọdún, wọ́n sì lè jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó le fún un nínú STAAR mátíìsì. Tẹ́ ẹ bá kọ English, kò sí gbogbo ìyẹn. Mo ní ọmọkùnrin kan ní kíláàsì, Abẹ́òkúta ló ti dé, ìṣirò ò sú u rí. A ń ṣe pírákítíìsì lọ́jọ́ kan, ó tẹjú mọ́ ìbéèrè kan títí, ó wá rọra bi mí pé, “Ma, kí ni dime?” Owó ẹyọ ni, sẹ́ǹtì mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ ọjọ́ ìdánwò gan-an ló bi mí, mi ò gbọ́dọ̀ la ẹnu. Wọ́n á ní kò mọ ìṣirò. Àwọn òbí ẹ̀ sì ti kọ English.

Ó dùn mí, mo sì sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Èdè tẹ́ ẹ fi ń gbàdúrà láàárọ̀, tẹ́ ẹ fi ń ki ọmọ yín lóríkì tó bá ṣe dáadáa, ẹ dé ọ́fíìsì sùkúù ẹ wá ní kò sí nílé yín. Fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ kọ èdè ilé yín sí yẹn ṣeé tún ṣe, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tọ́mọ wọ sùkúù, kí wọ́n má sì tíì dán òyìnbó ẹ̀ wò.

Àwọn tó ni hall ti ń ṣẹ́jú sí wa, torí náà mo sáré sọ èyí tó kù. High school ló yàtọ̀, ìdánwò STAAR márùn-ún ni wọ́n gbọ́dọ̀ yege kí wọ́n tó jáde: Algebra I, Biology, English I, English II àti U.S. History, ẹni tó bá kùnà ọ̀kan tàbí méjì, ìgbìmọ̀ kan ní sùkúù ẹ̀ lè jókòó lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀ kí wọ́n sì jẹ́ kó jáde. Wọ́n ti ṣòfin ní 2025 pé STAAR ń lọ, ìdánwò kéékèèké mẹ́ta lọ́dún ló máa rọ́pò ẹ̀ láti 2027-28. Sùkúù náà ni wọ́n á ṣì máa fi wọ̀n.

Nígbà tá à ń to àga, màmá yẹn wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo bi wọ́n pé ọjọ́ wo lọ́mọ wọlé. Wọ́n fìka kà á, wọ́n ní òní ló pé ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọn ò sì tíì dán an wò. Mo ní ọjọ́ márùn-ún ló kù, ẹ dé ọ́fíìsì wọn lọ́la.